Kí Rédíò Àtijọ́ Má Bàa Di Iná Inú Ilé

Ó ti di àṣà láàrin àwọn ènìyàn wa ní ìlú Àkrà, àti láàrin àwọn ọmọ Gánà tí a jọ ń gbé, láti máa wá àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kiri. Rédíò onípákó tí ó tóbi bí àpótí aṣọ, giramafóònù tí ń lo iná mànàmáná, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onítéèpù, tẹlifíṣọ̀n tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, gbogbo ìwọ̀nyí tí a ti sọ sí orí àjà tàbí sí abẹ́ ibùsùn láti ọdún gbọọrọ ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé jáde báyìí, tí wọ́n ń nù, tí wọ́n ń fi òróró pa pákó wọn, tí wọ́n sì ń gbé sí yàrá àlejò. Àwọn mìíràn kò jogún wọn rárá. Lọ́wọ́ àwọn tí ń ta àlòkù ni wọ́n ti ń rà wọ́n. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ṣe ní ilẹ̀ wa yóò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun tí à ń dà sí ààtàn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tí ó fẹ́ràn wọn kì í sábà sọ, ọ̀ràn náà sì ni iná.

Kí a tó dé orí iná, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀wọ̀ fún ohun tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1935 ni Gómìnà Arnold Hodson ṣí ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì tí a ń pè ní ZOY ní Àkrà. Ní ìgbà náà, wáyà ni a fà láti ilé iṣẹ́ náà lọ sínú ilé àwọn tí ń san owó, àpótí kékeré kan ni ó sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ohun tí àwọn òyìnbó gbé kalẹ̀ kí a lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wá fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ní òru tí ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957 wọlé, nígbà tí Kwame Nkrumah dúró ní pápá Polo tí ó sì kéde òmìnira, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sí ní pápá náà ni ó gbọ́ ọ láti ẹnu ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ìgbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ti Àkrà tẹ̀lé e ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1965. Olùkọ́ tí ó bá gbé irú rédíò bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti gbé ìtàn síwájú wọn. Kí ó ṣáà má ti wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwa Yorùbá ní ìtàn tiwa nínú ọ̀ràn yìí. Àdúgbò tí a ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ ní àtijọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì mọ Tudu, Nima àti Sabon Zongo mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀ffà, Ìnísà àti Ìlọrin ti ń tajà ní ìlú yìí kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí ó ṣe é gbé ni àwọn ènìyàn wa gbé. Rédíò ṣe é gbé. Nítorí náà kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí irú ẹ̀rọ kan náà bá wà ní ilé kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ní ilé mìíràn ní Àkrà, tí ó jẹ́ pé bàbá kan ni ó ra méjèèjì, tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń bá ara wọn díje, ta ni tirẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìdíje yìí gan-an ni ó ń mú kí a ji ohun tí ó ti sùn fún ogójì ọdún lójijì.

Gbólóhùn tí a máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ti àtijọ́ ló lágbára. Wọn kò purọ́ tán. Irin tí ó wà nínú rédíò àtijọ́ nípọn, pákó rẹ̀ le, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ lè tú u palẹ̀ kí ó tún un tò, èyí tí kò ṣe é ṣe fún ọ̀pọ̀ ohun tí a ń tà lóde lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin àti pákó ni ó ń dá iná sílẹ̀. Bí a bá fi ìlù sílẹ̀ ní ìdí ògiri fún ogún ọdún, igi ìlù náà lè wà bí ó ti wà, ṣùgbọ́n onílù kankan kò ní jẹ́ lù ú ní òde ayẹyẹ láìkọ́kọ́ yẹ awọ rẹ̀ wò. Rédíò náà ní awọ tirẹ̀, inú ni ó fi í pa mọ́ sí.

Nínú àwọn ohun tí ń gbó yìí, èyí tí ó burú jù ni àwọn ohun kékeré kan tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe ń pè ní kápásítọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gba agbára iná díẹ̀ sára kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ. Nínú ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1960, bébà tín-ínrín àti bébà onírin ni a ká pọ̀ tí a sì fi ìda bò láti fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bébà a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Àkrà sì wà ní etí òkun. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì ní iyọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Èkó. Bí omi bá ti wọ bébà náà, iná tí kò yẹ kí ó kọjá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, ohun náà yóò gbóná, ìda rẹ̀ yóò yọ́, yóò sì máa kán sílẹ̀. Irú kejì ní oje nínú. Oje náà a gbẹ bí a bá ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìlò, bí iná bá sì dé bá a lójijì, ó lè wú kí ó sì bẹ́. Irú kẹta sì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ṣe láàrin ọdún 1970 sí 1990, ní ẹnu ibi tí iná ti ń wọlé gan-an. Ara rẹ̀ a máa dán bí omi oyin, a sì máa sán wẹ́wẹ́ bí ó bá dàgbà. Ẹ̀rọ náà lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa láti àárọ̀, kí èéfín tí ń ta sánsán sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní ọ̀sán. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ nípa irú kẹta yìí ni pé, nínú ẹ̀rọ mìíràn, iwájú bọ́tìnnì títan ni ó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí a tilẹ̀ pa ẹ̀rọ, iná ṣì wà lára rẹ̀ títí a ó fi yọ wáyà kúrò lára ògiri.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn rọ́bà. Rọ́bà ni a fi ń bo wáyà ní àtijọ́, a sì ń fi òwú hun aṣọ lé e lórí. Rọ́bà a máa gbẹ, a máa le bí èèpo igi, bí a bá sì tẹ wáyà náà díẹ̀, èèpo náà yóò re sílẹ̀ kí bàbà ó wà ní ìhòòhò. Aṣọ òde rẹ̀ lè ṣì máa dán, nítorí náà ojú ń tan ènìyàn jẹ. Bàbà méjì tí ó wà ní ìhòòhò bá kan ara wọn, iná ṣẹ́ nìyẹn, eruku ogójì ọdún sì wà nítòsí tí yóò gbà á.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn tí ń ṣe rédíò gbà dín owó kù ní ọdún 1930 títí dé 1960, tí ó sì ṣì ń dá wàhálà sílẹ̀ títí di òní. Wọn kò fi tiransifọ́mà sí i. Irin inú rédíò náà kan ọ̀kan nínú okùn iná tààrà, nítorí náà bí a bá ti púlọ́ọ̀gì onílà méjì bọ ògiri ní òdì, gbogbo irin inú rẹ̀ ti di iná. Bí bọ́tìnnì ìyílóhùn bá ti sọnù, tí ọmọdé sì fi ìka yí irin tí ó kù, ẹ̀mí ni ó fi ń ṣeré. Láti mú agbára iná rọlẹ̀, àwọn mìíràn nínú irú rédíò yìí ń lo okùn gígùn kan tí wáyà inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń gbóná ní tìfẹ́tìfẹ́. Gígùn okùn náà ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i pé okùn náà gùn jù, tí ó gé e kí ilé lè mọ́ ní ojú, ti mú kí iná tí ń wọ inú rédíò náà pọ̀ ju èyí tí ó lè gbà lọ, okùn tí ó ṣẹ́ kù yóò sì gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí a bá sì ká okùn bẹ́ẹ̀ jọ sí abẹ́ ẹní tàbí sí ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, a ti dáná sí abẹ́ ẹní nìyẹn.

Ti ìwọ̀n agbára iná náà kò ṣe é fojú fò. 230 fóltì ni iná Gánà. 120 ni ti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ wa tí ń bọ̀ láti New York tàbí Houston a máa gbé rédíò àtijọ́ wá fún ẹbí, wọn a yí orí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ padà, wọn a sì rò pé ó tán. Kò tán. Kódà bí a bá ra ẹ̀rọ tí ń dín iná kù sí 120, iná Amẹ́ríkà ń yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń yí padà ní ìgbà 50, tiransifọ́mà tí a ṣe fún 60 a sì máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ lórí 50. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi kan wà ní ẹ̀yìn tí a ti ń yan ìwọ̀n iná; kí a wò ó kí a tó ṣe ohunkóhun, nítorí ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn lè ti yí i fún ìlú mìíràn.

Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ti àtijọ́ ni ó le jù nínú gbogbo wọn. Agbára tí ó wà ní ẹ̀yìn awò rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 25,000 fóltì. Agbára tó bẹ́ẹ̀ a máa fa eruku mọ́ra, bí eruku náà bá sì tutù, iná yóò máa fò láti ibì kan dé èkejì. A ń fi irú èyí sọ́kàn nígbà tí a bá rántí pé kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1970, àwọn ilé iṣẹ́ ń ta tẹlifíṣọ̀n tí àwòrán rẹ̀ ń jáde lọ́gán tí a bá tẹ bọ́tìnnì, nítorí pé apá kan inú rẹ̀ kì í sùn tọ̀sán-tòru. Iná jáde lára àwọn kan nínú wọn ní ìgbà tí àwọn onílé rò pé àwọn ti pa wọ́n. Ní ilẹ̀ Soviet ní ọdún 1980 sí iwájú, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ di ohun tí àwọn panápaná ibẹ̀ mọ̀ dunjú. Bí àwọn tí ó ṣe é tuntun ní ilẹ̀ tí ó tutù kò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwa tí a ń lo àgbà rẹ̀ nínú ooru ńkọ́?

Ní ìlú tiwa yìí, ohun mìíràn tún wà. Láti ìgbà tí Nkrumah ti ṣí ìdídò Akosombo ní oṣù Kìíní 1966 ni a ti ń rò pé iná kò ní wọ́n wa mọ́. Láàrin 2012 sí 2016 ni gbogbo Gánà fi ojú rí dumsor, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Twi ń sọ bí ó ti rí: pa á, tan án. Ìwà tí ó bí sí wa lára kò tí ì lọ. Iná lọ nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀. Onílé bínú, ó jáde lọ sí ọjà Makola láìpa bọ́tìnnì, láìyọ wáyà. Iná padà dé ní agogo méjì ọ̀sán pẹ̀lú agbára tí ó ga ju ti ìṣáájú lọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó bá ẹ̀rọ ẹni àádọ́ta ọdún ní títan nínú ilé tí kò sí ènìyàn. Ẹ̀rọ tuntun lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀. Àgbà kò lè fara dà á.

Àṣà ilé wa náà kò ran ọ̀ràn yìí lọ́wọ́. A fẹ́ràn láti da aṣọ olówó iyebíye bo rédíò, kí a sì gbé ìkòkò òdòdó tí ó kún fún omi lé orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ihò tí ó wà ní ẹ̀yìn àti ní orí ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Imú tí ó fi ń mí ni. Tí iná ìlú bá sì lọ, orí rédíò kan náà ni a ń lẹ àbẹ́là mọ́. Ní ti púlọ́ọ̀gì, ta ni kò tí ì rí i kí ènìyàn fi ìdí bírò tàbí igi ìṣáná ti ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí púlọ́ọ̀gì onílà méjì lè wọlé? Ihò òkè náà ni ti wáyà ilẹ̀, ìyẹn èyí tí a ṣe kí iná tí ó bá ṣìnà lè rí ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀ dípò kí ó gba ara ènìyàn lọ. Ọgbọ́n tí ó fi ìdí bírò tan sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìní ààbò. Èyí tí ó tún burú jù ú ni ti fíúsì. Púlọ́ọ̀gì onílà mẹ́ta tí à ń lò ní Gánà àti ní Nàìjíríà ní fíúsì nínú, ámpíà 3 sì tó fún rédíò èyíkéyìí. Bí fíúsì bá jó, ó ń sọ pé nǹkan kan bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ẹni tí ó fi bébà onírin inú páálí sìgá tàbí ìṣó dí ipò rẹ̀ dà bí ẹni tí ó gún ajá ọdẹ rẹ̀ pa nítorí pé ó gbó ní òru.

Kí wá ni kí ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìmọ̀ràn wa kì í ṣe pé kí ó sọ ọ́ nù. Kí ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ láìtan. Kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́, kí ó sì sọ fún un pé kì í ṣe ohùn nìkan ni òun ń wá, ààbò ni òun ń wá. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò pààrọ̀ àwọn kápásítọ̀ àtijọ́ àti okùn iná, yóò gbọn eruku dànù, lẹ́yìn náà kò ní ti ẹ̀rọ náà bọ iná tààrà. Yóò fi gílóòbù onírin-gbígbóná ti 60 tàbí 100 wáàtì sí àárín ọ̀nà iná àti ẹ̀rọ. Bí ohun kan bá ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, gílóòbù náà ni yóò gba agbára náà, yóò tàn yòò, ẹ̀rọ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Bí gílóòbù bá tàn díẹ̀ tí ó sì rọ̀, ìrètí wà. Gílóòbù kan péré ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ ó ti gba ọ̀pọ̀ rédíò àti ọ̀pọ̀ ilé là. Ohun kan tí a fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn tí ó bá fẹ́ ṣe é fúnra wọn: tẹlifíṣọ̀n tí a ti yọ kúrò lára iná ṣì lè ní agbára púpọ̀ nínú awò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ṣẹ́ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni bébà funfun líle tí a lẹ̀ mọ́ inú rédíò kan nítòsí ibi tí ó ń gbóná lè jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì. A kì í fi ayùn rẹ́ ẹ, a kì í sì í fá a.

Bí a bá ti tún un ṣe tán, kí a gbé e jìnnà sí ògiri díẹ̀, kí a má da nǹkan bò ó, kí ó má wà lórí okùn tí ẹ̀rọ márùn-ún mìíràn ń mu. Kí a yọ wáyà rẹ̀ bí a bá ń lọ sùn tàbí bí iná ìlú bá lọ. Bí owó bá wà, kí oníṣẹ́ iná fi irinṣẹ́ tí ń já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ṣìnà sí ẹnu ọ̀nà iná ilé, kí a sì so aago èéfín mọ́ àjà. Òfin Gánà ti 2011 lórí fífa wáyà sínú ilé ti sọ pé kí oníṣẹ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni ó ṣe iṣẹ́ náà. A mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ilé tí a ń gbé ní Nima àti New Town ti wà kí òfin yìí tó dé, wáyà inú ògiri wọn sì lè dàgbà ju rédíò tí a ń sọ lọ. Onílé tí ń gba owó ilé ní ọdún méjì méjì ṣáájú kò yẹ kí ó máa bínú bí ayálégbé bá bi í pé ìgbà wo ni a yẹ wáyà ilé yìí wò kẹ́yìn.

Apá kan ọ̀ràn yìí ju ti inú ilé lọ, ó sì yẹ kí àwọn tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ Áfíríkà gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ àlòkù tí ń wọ èbúté Tema kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fi ìfẹ́ yàn nìkan. Ìwádìí tí a ṣe lórí ọdún 2009 sọ pé nǹkan bí 215,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò iná ni ó wọ Gánà ní ọdún náà, àti pé àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ àlòkù. Díẹ̀ nínú wọn kú kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ilẹ̀ tí ó ṣe wọ́n kò fẹ́ná owó láti sin wọ́n, ó wá fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa ní orúkọ ọjà. Ní Agbogbloshie, ní etí odò Odaw, àwọn ọ̀dọ́ ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀, títí ìjọba fi wó ibẹ̀ ní oṣù Keje 2021. Wíwó tí a wó ibẹ̀ kò sọ pé sísun ti tán, ó tú káàkiri ni. Gánà ti fi hàn pé òfin lè ṣiṣẹ́. Ó ṣe òfin ní 2008 tí kò jẹ́ kí fìríìjì àlòkù wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un ní 2013. Ní 2016 ó tún ṣe Òfin 917 lórí ìdọ̀tí ohun èlò iná. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí a fi ojú kan náà wo ẹ̀rọ tí ó ti gbó tí a ń kó wọlé láti tà fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́ ilé: kí oníṣòwò tí ó bá tà á fi ìwé sí i lára pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí ó gé okùn iná rẹ̀ kúrò kí ó sì tà á bí àpótí pákó. Ẹni tí ó bá sọ pé èyí yóò ba òwò jẹ́, kí ó lọ wo ohun tí iná fi ṣe òwò ní ọjà Kantamanto ní òru ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025. Iná kì í bi igi àti aṣọ pé níbo ni òun ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ń tún rédíò ṣe ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ yín ń kú lọ, àwọn tí ó mọ rédíò onígílóòbù nínú yín sì ti darúgbó. Kò sí ọmọ kíláàsì wa tí ń ní kí a kọ́ òun ní iṣẹ́ náà, nítorí a ti kọ́ wọn pé iṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ni iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí kù sí. Ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì yín. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ ọ́ lórí pátákó láìfi ọwọ́ kan ohunkóhun. Rédíò àtijọ́ kan tí a ti gé okùn rẹ̀, tí a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ojú ìwé mẹ́wàá kò lè kọ́ wọn: ibi tí iná ti ń wọlé, ibi tí ó ti ń gbóná, ohun tí fíúsì ń ṣe, ìdí tí ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì fi wà níbẹ̀. Kí a pe àwọn panápaná wá pẹ̀lú. Gánà ti ní òfin panápaná láti 1963, òfin tí a tún ṣe ní 1997 sì fi kíkọ́ ará ìlú kún iṣẹ́ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá pè wọ́n kò tọrọ àánú.

Nítorí pé bí iná bá ti dé, àkókò kì í dúró. Èéfín ni ó ń kọ́kọ́ pa ènìyàn, kì í ṣe ọwọ́ iná. Bí rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín, kí a pa iná ilé láti orí mítà bí a bá lè dé ibẹ̀ láìkọjá nínú èéfín. Omi kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ tí iná ṣì wà lára rẹ̀, nítorí omi yóò gbé iná náà wá bá ẹni tí ó dà á. Iyanrìn gbígbẹ tàbí ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun ni ó tọ́ sí i bí iná náà bá ṣì kéré. Bí kò bá kéré mọ́, kí gbogbo ará ilé jáde, kí ẹni tí ó jáde kẹ́yìn pa ilẹ̀kùn dé kí afẹ́fẹ́ má bàa ran iná náà lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì padà wọlé nítorí àpótí tí bàbá fi sílẹ̀. Nọ́mbà tí a ń pe àwọn panápaná sí ní Gánà ni 192. 112 náà ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí a kọ ọ́ sí ara ògiri ní ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe sí ẹ̀yìn rédíò.